Láìnì tí a kì í sábà fi pè, tí a kò sì fẹ́ kó kú: ètò ìpè tí mo yàn fún ìyá mi ní Òṣogbo

Ní oṣù Kẹta ọdún tó kọjá, mo pe nọ́ńbà ìyá mi láti ilé mi ní Ògo-Olúwa, ohùn ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló sì dá mi lóhùn. Mo rò pé ọmọ àdúgbò ló bá wọn gbé fóònù, mo sì ní kó gbé e fún Màmá. Ó ní, "Ẹ má bínú mà, kò sí Màmá níbí o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra síìmù yìí ni. Agùnbánirọ̀ ni mí, Kàdúná ni mo wà." Mo wo ojú fóònù mi lẹ́ẹ̀kejì. Nọ́ńbà ìyá mi ni, èyí tí mo ti mọ̀ sórí láti bí ọdún méjìlá.

Nígbà tí mo dé Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, inú àpótí aṣọ wọn ni mo ti bá fóònù ọ̀hún. Wọ́n fi gèlè àtijọ́ wé e, bátìrì rẹ̀ sì ti wú débi pé ìdérí ẹ̀yìn rẹ̀ kò pa dé mọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn ni ó ti ń fi fóònù tirẹ̀ pè wá fún wọn láti ohun tó lé ní ọdún kan, kò sì sí ẹnì kan nínú àwa ọmọ tó béèrè ohun tó dé bá láìnì Màmá. Ìgbà tí ọmọ náà wọ yunifásítì, tó sì kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílé, ni mo tó rántí nọ́ńbà yẹn.

Ẹnikẹ́ni kò ja ìyá mi lólè. Ìlànà àjọ NCC, tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ láti máa bójú tó ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀, ni pé bí oṣù mẹ́fà bá kọjá tí a kò fi láìnì kan ṣe ohunkóhun tó ń mú owó wọlé fún ilé-iṣẹ́ tó ni ín, wọ́n lè tì í pa; bí oṣù mẹ́fà mìíràn bá sì tún gorí rẹ̀, nọ́ńbà náà lè bọ́ mọ́ ẹni tó ń lò ó lọ́wọ́, kí wọ́n sì fún ẹlòmíràn. Nọ́ńbà yìí ló wà lórí àkáǹtì ìyá mi ní báńkì, òun ló wà nínú ìwé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wọn, òun náà ló sì wà lórí káàdì wọn nílé ìwòsàn. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi sáré kiri kí n tó yí gbogbo rẹ̀ padà. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó ti ọ̀rọ̀ ètò ìpè, ìyẹn bí ilé-iṣẹ́ ṣe ń ka owó ìpè lórí láìnì, bí ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀, tí mo sì ń kọ ohun tí mo rí sílẹ̀ fún ẹni tó bá ń wá irú láìnì bẹ́ẹ̀: láìnì olówó pọ́ọ́kú, tí ẹni tó ni ín lè má fi pè ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lóṣù, àmọ́ tó gbọ́dọ̀ jẹ́ ìpè lóru ọjọ́ tí ara kò bá yá.

Kí n tó béèrè iye owó rárá, mo kọ́kọ́ wá ìdí rẹ̀ bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń wọ yàrá ìyá mi. Ilé alámọ̀ ni ilé wa, bàbá bàbá mi ló kọ́ ọ, ìgbà tó yá ni wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ. Ògiri rẹ̀ nípọn débi pé bí o bá ń sọ̀rọ̀ ní pálọ̀, ẹni tó wà ní yàrá kejì lè má gbọ́. Mo kó síìmù mẹ́ta láti ilé-iṣẹ́ mẹ́ta dání, ti èmi, ti ọkọ mi àti ti ọmọ wa, mo ń fi wọ́n sínú fóònù kan náà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ń pe ẹ̀gbọ́n mi láti pálọ̀, láti yàrá Màmá, láti ilé ìdáná tó wà lẹ́yìnkùlé àti láti balùwẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ń fi balùwẹ̀ yẹn ṣe mí ní yẹ̀yẹ́, àmọ́ ibẹ̀ ni àwọn àgbàlagbà ti sábà máa ń ṣubú.

Èkínní gbéṣẹ́ níbi gbogbo. Èkejì dára ní pálọ̀, ṣùgbọ́n ohùn ń já bí mo bá ti kọjá ẹnu ọ̀nà yàrá. Ẹ̀kẹta kò sọ̀rọ̀ àfi tí mo bá na ọwọ́ síta lójú fèrèsé. N kò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ kankan nínú wọn, nítorí pé èyí tó dára lápá odò wa lè má wúlò rárá fún ẹni tó ń gbé ní Òkè-Baálẹ̀ tàbí ní Ọ̀ta-Ẹ̀fun, kódà ilé méjì tó kọjú síra wọn lè má rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bákan náà. Ohun tí mo lè sọ ni pé kí ẹni tó bá fẹ́ ra síìmù kọ́kọ́ yá ti ẹlòmíràn fún wákàtí kan, kó sì fi pè láti inú yàrá gan-an tí wọ́n ti máa lò ó. Ẹ jẹ́ kí ó tún un ṣe lóru pẹ̀lú. Mo sùn síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan tí òjò ń rọ̀ tí iná ọba sì lọ. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí aago méjì òru, láìnì àkọ́kọ́ tí mo ń yìn lójú mọmọ yẹn ti dákẹ́ pátápátá, kò sì padà títí ilẹ̀ fi mọ́. Èkejì, tí ohùn rẹ̀ ń já, ló ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Láti òru ọjọ́ náà ni mo ti pinnu pé fóònù olójú síìmù méjì ni a máa rà.

Ọ̀rọ̀ ètò ìpè ló wá kàn, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Àwọn tó bá rántí ọdún 2001, nígbà tí GSM ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ orílẹ̀-èdè yìí, yóò rántí pé náírà 50 ni wọ́n ń gbà fún ìṣẹ́jú kan, tó sì jẹ́ pé ẹni tó sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá péré yóò san owó ìṣẹ́jú odidi. Ìgbà tí Glo dé ní ọdún 2003 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó ní ìṣẹ́jú àáyá, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé wọn. Ìṣirò yìí ló ṣe ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ lóore jù lọ, nítorí pé "Mo ti dé o" kò gbà ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lọ. Owó ìpè ti wá gbẹ́nu sókè sí i láti oṣù Kìíní ọdún 2025 tí NCC fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ fi owó kún un, tí kò ní ju ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Àtẹ̀jíṣẹ́ tó jẹ́ náírà 4 tẹ́lẹ̀ di náírà 6. Síbẹ̀, fún ẹni tó ń sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta lóṣù, kì í ṣe ibẹ̀ ni owó ti ń jò.

Bọ́nọ́ọ̀sì ni ń tú àpò. Ọ̀dọ́ tó ń forúkọ síìmù sílẹ̀ lábẹ́ agbòòrùn nítòsí Ọlá-Ìyá fẹ́ràn bọ́nọ́ọ̀sì bí ẹ̀mí. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ jẹ́ kí n gbé Màmá sórí èyí tó ń fúnni ní ìlọ́po mẹ́rin. Ọgọ́rùn-ún náírà á di irinwó!" Ìyá mi bi í pé, "Irinwó náà, ta ni mo fẹ́ máa fi bá sọ̀rọ̀? Àwọn ọmọ tí mo bí kì í gbé fóònù." Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ èyí tó kàn mí níbẹ̀, mo sì mú bírò jáde.

Ká sọ pé ètò kan tí kò ní ariwo ń gba kọ́bọ̀ 20 fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Náírà 100 yóò fún yín ní ìṣẹ́jú àáyá 500, ìyẹn ìṣẹ́jú mẹ́jọ lé ogún ìṣẹ́jú àáyá. Ká tún sọ pé ètò oníbọ́nọ́ọ̀sì sọ náírà 100 yẹn di 400, ṣùgbọ́n tó ń gba kọ́bọ̀ 70 fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ pín in: ìṣẹ́jú àáyá 571 ni. Gbogbo ariwo ìlọ́po mẹ́rin yẹn, ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú àáyá 11 ló fi ju ti ẹnìkejì rẹ̀ lọ. Ẹ wá fi kún un pé bọ́nọ́ọ̀sì máa ń ní ọjọ́ tó ń kú, bóyá ọjọ́ méje péré. Ìyá mi tó fi ìṣẹ́jú mẹ́ta sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ yóò jí lọ́jọ́ kẹjọ láìní kọ́bọ̀ lórí láìnì, nígbà tí ẹni tó wà lórí ètò àkọ́kọ́ ṣì ní náírà 64 tó ń dúró dè é. Iye tí mo fi ṣírò yìí, àpẹẹrẹ ni. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ wọn, ohun tí ẹ ó béèrè ni kọ́bọ̀ mélòó fún ìṣẹ́jú àáyá kan láti inú owó gidi, kì í ṣe iye bọ́nọ́ọ̀sì. Ẹ tún béèrè bóyá ètò náà ń yọ owó kan ní ìpè àkọ́kọ́ ojúmọ́, nítorí irú wọn wà, wọn kì í sì í kọ ọ́ gàdàgbà síwájú.

Ètò tó wúlò fún ọ̀rọ̀ tiwa, nítorí náà, ni èyí tí kò fani mọ́ra rárá lójú: iye kan náà fún gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ní ìṣẹ́jú àáyá, láìsí bọ́nọ́ọ̀sì, láìsí dátà. Ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní irú rẹ̀, bí wọn kò tilẹ̀ ń polówó rẹ̀. Láìnì tuntun sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ lórí ètò tí ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ yàn, nítorí náà mo pe 300, nọ́ńbà kan náà tí gbogbo wọn ń lò fún ìbéèrè oníbàárà, mo sì ní kí wọ́n sọ fún mi orí ètò tí a wà. Mo dúró fún bí ogún ìṣẹ́jú, tí ohùn orin ń kọ sí mi létí, kí ènìyàn tó gbé e. Ọmọbìnrin tó gbé e gbọ́ Yorùbá dáadáa, ó sì bá mi yí i padà lójú ẹsẹ̀.

Ìforúkọsílẹ̀ gan-an fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣeé ṣe. Láti ìparí ọdún 2020 ni ìjọba ti ní kí láìnì kọ̀ọ̀kan so mọ́ NIN ẹni tó ni ín, mo sì takú pé orúkọ ìyá mi ni a máa fi ra síìmù wọn, kì í ṣe tèmi, nítorí pé ọjọ́ tí síìmù bá sọnù, ẹni tó ni NIN ni wọ́n máa ní kó wá. Ṣùgbọ́n ó lé ní ogójì ọdún tí ìyá mi fi rẹ aṣọ ní Òṣogbo Ìlú Aró yìí. Ìka wọn ti dán bí òkúta inú odò. Ẹ̀rọ kọ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀mẹfà. Ọ̀dọ́ oníbọ́nọ́ọ̀sì wa yìí, tí mo ti fẹ́ máa bínú sí, ló fi omi tútù rẹ aṣọ kan, tó nu ìka wọn díẹ̀díẹ̀, tó fẹ́ atẹ́gùn sí i, tó sì rọra tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ẹ̀rọ. Lẹ́ẹ̀keje, ó gbà. Màmá ní, "Aró kò fẹ́ kí n pe yín." Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá NIN ti so mọ́ láìnì tí ẹ ní lọ́wọ́, *996# ni kóòdù rẹ̀.

Fóònù tí a rà, èyí onítọ́ọ̀ṣì lásán ni, olójú síìmù méjì. Tí a bá gba iná sí i lẹ́ẹ̀kan, ó ń lò tó ọjọ́ márùn-ún nítorí pé kò ní iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe. Mo fi nọ́ńbà mi sórí bọ́tìnì 2, ti ẹ̀gbọ́n mi sórí 3, ti aládùúgbò tí ògiri rẹ̀ kan tiwa sórí 4. Bí Màmá bá tẹ bọ́tìnì mọ́lẹ̀ díẹ̀, ó ń pè. Mo tún kọ́ wọn ní 112, nọ́ńbà pàjáwìrì gbogbo orílẹ̀-èdè, tí a kì í san owó láti pè, àmọ́ mo sọ fún wọn pé aládùúgbò ni kí wọ́n kọ́kọ́ pè, torí pé òun ló máa fi ẹsẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ wọn kí ẹnikẹ́ni tó ṣí ọkọ̀.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni owó bẹ̀rẹ̀ sí í parẹ́. Mo tẹ *310#, kóòdù tí gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń lò láti wo iye tó kù, mo rí i pé náírà 60 ti lọ, bẹ́ẹ̀ Màmá kò pe ẹnì kankan. Ọ̀rọ̀ kan ló yọ lójú fóònù, wọ́n tẹ bọ́tìnì àárín kí iná ojú rẹ̀ lè kú, wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìròyìn bọ́ọ̀lù òkè òkun lójoojúmọ́ lówó iyebíye. Ìyá mi, ẹni ọdún 78, tí kò mọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kankan! *305# ni mo fi dá a dúró, mo sì fi STOP ránṣẹ́ sí 2442 kí wọ́n má baà fi ìpolówó yọ wọ́n lẹ́nu mọ́. Ilé-iṣẹ́ náà kò dá owó padà. Ẹni tó bá bínú jù mí lọ lè pe 622 láti fẹjọ́ sùn fún NCC, ọ̀fẹ́ ni.

Olójúkòkòrò kejì kò fara hàn tó bẹ́ẹ̀. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2025, owó kóòdù báńkì ti kúrò lórí àkáǹtì, ó ti bọ́ sórí owó ìpè, náírà 6.98 fún ìṣẹ́jú àáyá 120. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kò rí nǹkan kan burú nínú kó fi fóònù Màmá wo àkáǹtì wọn nígbàkígbà tó bá ti ìlé-ìwé dé, ẹ̀ẹ̀mejì ní ìjókòó kan, ó di náírà 13.96, ó ju owó ìṣẹ́jú kan lọ lórí ìṣirò tí mo ṣe lókè. Mo ní kó máa rìn lọ sí báńkì.

Ẹnìkan yóò sọ pé kí ló dé tí a kò gbẹ́kẹ̀lé owó ìpè tí wọ́n ń yáni ní *303#. Mo gbìyànjú rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ máa ń wo bí ènìyàn ṣe ń fi owó sórí láìnì sí kó tó yá a, nítorí náà ẹni tí kì í fi owó sí i, tó jẹ́ òun ló nílò rẹ̀ jù, ni wọ́n sábà máa ń dá lóhùn pé kò tíì tọ́ sí i. Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá mi pẹ̀lú.

Ní ti pé kí láìnì má kú, mo fi ọjọ́ kìíní oṣù sí i. Lọ́jọ́ náà Màmá á pe ọ̀kan nínú wa láti síìmù kìíní, wọ́n á sì pe ẹlòmíràn láti síìmù kejì. Ìpè tó jáde ni mo gbára lé, torí pé òun ni owó ti ń jáde láìsí àríyànjiyàn kankan. Ẹni tó bá ń fìláàṣì nìkan kò tíì náwó. Oṣù mẹ́fà ni ìlànà fún wa, àmọ́ oṣù mẹ́fà gùn, ènìyàn á gbàgbé. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù kò ṣeé gbàgbé bí ó bá ti wà lórí kàlẹ́ńdà ògiri, níbi tí Màmá ti fi bírò pupa yí i ká fúnra wọn.

Oṣù márùn-ún ti kọjá. Náírà 700 ni mo ti fi sórí síìmù kìíní, 300 sórí èkejì, owó bọ́ọ̀lù òkè òkun wà nínú rẹ̀. Ètò tí a yàn kò ní ẹwà, kò sì sí ẹni tí yóò fi ṣẹ̀ṣọ́ lójú ọ̀rẹ́. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́ yóò rí i pé ó wọ́n, òun gan-an ni kó lọ wá bọ́nọ́ọ̀sì. Fún ọ̀rọ̀ tiwa, ìlọ́po méjì owó yìí n ó san, n kò ní ráhùn. Ẹ̀dùn mi kan ṣoṣo ni síìmù kejì tí ohùn rẹ̀ ń já nínú yàrá, tí n kò sì rí òmíràn tó dára jù ú lọ lóru.

Agùnbánirọ̀ Kàdúná yẹn ṣì ní nọ́ńbà àtijọ́ Màmá lọ́wọ́. Mo fún un ní tuntun, ó sì ń fi ṣọwọ́ sí gbogbo ẹbí tó bá ṣèèṣì pè é. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, bàbá àgbà kan láti Ìrágbìjí pè é, wọ́n sọ ọ̀rọ̀ ìsìnkú fún un tán kí ó tó ráyè sọ pé òun kọ́ ni. Ó ní òun kẹ́dùn pẹ̀lú wọn, ó ka nọ́ńbà tuntun fún wọn lẹ́ẹ̀mejì, bàbá náà sì pe Màmá lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, sórí síìmù tó máa ń dákẹ́ lóru, kó tó dákẹ́.